Màmá Ara Ògiri ní Rùsáífà

Àǹtí mi Ràfíátù,

Láti èbúté Jíddà títí wọ inú Mẹ́kà, kò sí ẹ̀rọ kan tó gbọ́ orúkọ mi tí kì í tan fúnra rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n máa ń dìde kí mi. Purojẹ́kítọ̀ tó ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá, bí mo bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á jí. Màmá kan tó jókòó sílé rẹ̀ ní Nàìjíríà ti wo ojú mi láti ara ògiri ní Mẹ́kà, ó fi orúkọ mi pè mí, Múrítàlá ọmọ Bùsàrí, èmi náà sì wò ó padà títí òun fi kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Ẹ̀rù ò bà mí rárá.

Bàbá ti gbọ́ ohun tí mo kọ yìí, nítorí mò ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n ní, "Múrí, ṣé lẹ́tà ìmọ̀ràn nìyẹn àbí ìpolówó ọjà?" Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. Ọmọ tó bá ti kúrò nílé, Bàbá á kọ lẹ́tà gígùn kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ò tún ní kọ òmíràn mọ́ láyé. Bọ̀ọ̀dá Kàmọ̀rù gba tiwọn nígbà tí wọ́n gbéyàwó. Ó ti kan yín báyìí tí ẹ ti kó lọ sí Mẹ́kà, tí ẹ di tíṣà Yorùbá fún àwọn ọmọ wa ní Rùsáífà. Àmọ́ ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú ìwé ń gun ara wọn lójú àwọn. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ ọ́, torí èmi ni mo mọ iyàrá kíláàsì tí ẹ fẹ́ wọ̀ yẹn, kí n sì kọ ọ́ bí bàbá. Mo ti wọ jalàbíà wọn. Mo ti jókòó sórí àga wọn. Mo ké sí Màámi pé kí wọ́n gbé tíì wá fún baba ilé. Wọ́n ní tíì wà ní kíṣìnì, ẹsẹ̀ baba ilé ò sì kúkú ṣẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí lẹ́tà yìí yá kánkán ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù lánàá. Ẹ ní ẹ rí fídíò kan nínú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, pé màmá àgbà kan ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìkíni, pé ó dùn ún wò, pé òun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sátidé.  Ọmọ kan wà nínú kíláàsì yẹn tó ń jẹ́ Hàbíbà, ọmọ ọdún méje. Láti sáà tó kọjá, kò tíì fi Yorùbá la ẹnu, nítorí fídíò yẹn gan-an. Bí ẹ bá tàn án lójú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yín, mo rò pé kò ní la ẹnu yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìmọ̀ràn á máa jáde lára rẹ̀.

Kí ẹ tó dé, Alfa Ṣuáíbù ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, wọ́n ń ka ìwé òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì. Wọ́n ti gboyè báyìí, wọ́n ti lọ sílé. Ẹ mọ irú ọmọ tí à ń sọ: èyí tí wọ́n bí síbí, tí ìyá rẹ̀ á ní "Máa bọ̀ wá jẹun," tí yóò dáhùn pé "Tayyib," tí kò ní mọ̀ pé èdè méjì ni àwọn ń sọ síra wọn. Alfa ló ń kọ́ wọn, èmi ni ọ̀gá ẹ̀rọ. Ní gbogbo Sátidé mo máa ń wọkọ̀ láti Jíddà, màá fa kọ́tìnì tó nípọn yẹn bo fèrèsé, màá tan purojẹ́kítọ̀, màá wá fídíò àti ohùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Alfa á máa ṣàlàyé. Mo gbọ́n nígbà yẹn. Mo gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í wo fídíò dé ìdajì kí n tó fi í han ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyẹn ni ìmọ̀ràn kìíní. Ẹ wò ó dé ìparí. Ẹ dá nìkan wò ó, ẹ má máa fò ó bí èmi ṣe máa ń ṣe. Kí ẹ sì wò ó lára ògiri. Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti rí i, màmá yẹn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lára ògiri, orí rẹ̀ nìkan ga ju ilẹ̀kùn. Ó wé gèlè funfun, ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ò sì ní rí ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà láéláé. Bàbá ní kí n má pe àgbàlagbà ní "ó". Mo ní àgbàlagbà wà ní Nàìjíríà, èyí tó wà lára ògiri ni mò ń sọ.

Bí ó ṣe ń kọ́ni rèé. Á kí, á dákẹ́, á máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Á dákẹ́. Á mi orí. "Ṣé dáadáa la jí?" Á dákẹ́. Á mi orí. Bí ẹ bá dá a lóhùn, á mi orí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan kan, á mi orí bákan náà, á tún rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹ ò sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a tàn án, mo fẹ́ dán an wò, mo ní kí àwọn ọmọ dákẹ́. Ó ní, "Orúkọ ta ni mo gbọ́ yẹn?" Gbogbo wa dákẹ́. Ó mi orí. Ó ní, "Orúkọ yẹn mà dára o." Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń kùn. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Màmá Ògiri látìgbà yẹn.

Sátidé kejì ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ìrun Ásárì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Alfa wà ní yàrá kejì pẹ̀lú bàbá ọmọ kan. Màmá Ògiri dé ibi ìkíni àgbà. Ó ní, "Ó yá, obìnrin á kúnlẹ̀. Ọkùnrin, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ." Àǹtí mi, wọ́n ṣe é. Àwọn ọmọ tí ń bá ìyá wọn jà kí wọ́n tó kúnlẹ̀ nílé, gbogbo wọn lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àyà àwọn ọkùnrin lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn. Mo rò ó pé màá gba ẹ̀bùn.

Màmá náà dákẹ́. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ gba gbogbo ògiri.

Ó ní, "Ìwọ tí o wà lẹ́yìn."

Gbogbo wa yíjú padà. Hàbíbà ló wà lẹ́yìn, òun nìkan ló dúró, ó fara ti kọ́tìnì.

"Ìwọ tí o wà lẹ́yìn, mi ò tíì rí ìkúnlẹ̀ rẹ o. Mò ń wò ọ́."

Ọgbọ́n tíṣà ni, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ibi gbogbo tí ọmọ bá wà, ẹnì kan á wà lẹ́yìn, ẹnì kan á sì máa ṣe oríkunkun. Àmọ́ nínú òkùnkùn yẹn, ojú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń wo ọmọ yẹn gan-an. Hàbíbà ò mira. Màmá náà ń dúró dè é. Ó dúró pẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó káre. Mo ti rí i."

Hàbíbà ṣì wà lórí ìdúró.

Ọmọkùnrin kan níwájú gbé orí sókè láti ilẹ̀, ó wo ẹ̀yìn títí, ó ní, "Múrí, ta ló kúnlẹ̀?"

Lẹ́yìn Hàbíbà, kọ́tìnì nìkan ló kù.

Ìgbà yẹn ni Alfa ṣílẹ̀kùn. Wọ́n tan iná, mo sì fi rímóòtù dá fídíò dúró, ẹnu màmá náà ṣí sílẹ̀ lára ògiri. Alfa wo àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀. Alfa tún wo ògiri. Ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an.

"Múrí."

"Alfa."

"Ta ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Màmá inú fídíò ni. Ìkíni ni wọ́n ń kọ́."

"Ògiri wo nìyẹn?"

Mo ń wo rímóòtù ọwọ́ mi.

"Mo ní ògiri wo."

"Èyí tí a ń kọjú sí kírun ni, Alfa."

Wọ́n pa ojú dé. "Ẹ dìde, gbogbo yín. Kíákíá." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Nínú ìlú yìí, Múrí. Nínú gbogbo ìlú tó wà láyé."

Ògiri yẹn nìkan ni kò ní fèrèsé, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ẹ rò ó wò, kí aládùúgbò kan kanlẹ̀kùn lásìkò yẹn, kó bá ọmọ Nàìjíríà tó kún iyàrá lórí ìdọ̀bálẹ̀ fún àwòrán, ní Mẹ́kà, kí wọ́n sì kọjú sí ibi tí gbogbo Mùsùlùmí ayé ń kọjú sí. Àlàyé wo la fẹ́ ṣe? Ẹ fẹ́ fi èdè Lárúbáwá sọ fún un pé "ẹ káàárọ̀" ni wọ́n ń kí? Ìmọ̀ràn kejì ni pé ẹ yan ògiri yín dáadáa, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé ìkúnlẹ̀ wà fún ẹni tó lè sọ pé "Dìde, ọmọ mi." Wọn kì í kúnlẹ̀ fún iná tó ń tàn.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ò tíì dé. Alfa bi Hàbíbà pé kí ló dé tí kò fi kúnlẹ̀. Ó ní bàbá òun ti sọ pé wọn kì í ṣe é fún àwòrán. Inú Alfa dùn. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n ní, "Ó káre. Ìwọ nìkan lo ṣe dáadáa."

Mo rí ojú ọmọ yẹn. Ó wo Alfa, ó wo ẹnu tó ṣí sílẹ̀ lára ògiri, ó tún wo Alfa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ fún un, ó káre, èyí tó ní kó kúnlẹ̀ àti èyí tó ní ó dáa bí kò ṣe kúnlẹ̀.

Nígbà tó délé ní àdúgbò Mísífálà, ó ròyìn fún ìyá bàbá rẹ̀. Àlàájà yẹn ò pẹ́ tí wọ́n ti Ìwó dé wá bá wọn gbé, Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n fetí sí apá kan ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní, "Àgbàlagbà ní kí o kúnlẹ̀, o wá dúró bí òpó iná?" Bẹ́ẹ̀ ni Hàbíbà di ọmọ tó ṣe dáadáa tó sì ya aláìgbọràn lọ́jọ́ kan náà.

Ìmọ̀ràn kẹta jẹ mọ́ ohùn. Bàbá ní kí n kọ eléyìí tẹ̀lé ìyẹn kíákíá, kí n tó rí ọ̀nà fò ó. Mo gé ohùn Màmá Ògiri jáde nínú fídíò náà, mo fi í sórí Wáásáàpù àwọn ìyá, kí àwọn ọmọ lè máa fi dánra wò nílé. Mo sì rò pé ohun ọgbọ́n ni mo ṣe. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé láìbéèrè ẹni tó wà nínú ilé.

Àlàájà wà nínú Wáásáàpù yẹn. Etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́, fóònù wọn máa ń ké dé òpópónà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé e sórí tábìlì kíṣìnì, wọ́n ń gbọ́ ohùn tí ìyá kan fi sórí Wáásáàpù náà, wọ́n wá lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ mọ bí fóònù ṣe máa ń ṣe, bí ohùn kan bá parí, á bọ́ sórí èyí tó tẹ̀lé e. Hàbíbà nìkan ló wà ní pálọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni ní kíṣìnì. Ó gbọ́ láti kíṣìnì pé:

"Ìwọ tí o wà lẹ́yìn. Mi ò tíì rí ìkúnlẹ̀ rẹ o. Mò ń wò ọ́."

Nígbà tí Àlàájà fi máa jáde, ọmọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, ó kọjú sí kíṣìnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Fóònù ń sọ pé ó káre.

Látìgbà yẹn, kò sọ Yorùbá mọ́. Kì í ṣe pé ó yadi o. Ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rojọ́ ní Lárúbáwá, ó ń pariwo, ó ń ṣeré. Bí ẹ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á dákẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Hàbíbà ní èdè yẹn ni Màmá Ògiri fi ń rí òun. Bí òun ò bá sọ ọ́, kò ní mọ ibi tí òun wà.

Màámi mú mi lọ bẹ Àlàájà ní Mísífálà. Wọ́n jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá ẹ̀rọ?"

"Èmi ni, Àlàájà."

"O ga lásán. Ẹ̀rọ rẹ ti gba ẹnu ọmọ mi."

Màámi ní kí wọ́n má bínú, ọmọdé ló ń ṣe é. Àlàájà ní, "Mi ò bínú. Iyọ̀ ni mo fẹ́ rà lánàá. Tẹ́lẹ̀, èmi àti Hàbíbà la jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàkálà ìsàlẹ̀ ilé wa, màá sọ ọ́ fún un, á sọ ọ́ fún oníṣọ́ọ̀bù. Lánàá mo sọ ọ́, ó wo ilẹ̀. Mo nawọ́ sí nǹkan funfun, wọ́n dì í fún mi, mo dà á sínú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ hó."

Ọṣẹ ìfọṣọ ni. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, Màámi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

Àlàájà ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá rẹ̀ máa ń jáde láàárọ̀, ìyá rẹ̀ á jáde. Èmi àti ọmọ yẹn la máa ń kù. Mò ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀ àfi èmi. Tí kò bá dá mi lóhùn kí sáà tó ń bọ̀ yìí tó parí, màá padà sí Ìwó. Kí ni mò ń ṣe níbí?"

Hàbíbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ó mú etí ìborùn wọn dání. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó la ẹnu díẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, ó pa á dé.

Sáà tó ń bọ̀ yẹn náà ni tiyín, Àǹtí mi. Sátidé ni yóò bẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé mọ́. Bàbá ní ó kan àwọn, torí bàbá kì í kọ lẹ́tà tán kó má sọ ti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Jíddà, tí wọ́n ń tú ẹrù ní èbúté, kò sí fóònù alágbèéká. Kásẹ́ẹ̀tì ni ìyá wọn fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ilé. Wọ́n á gbà á sílẹ̀, wọ́n á fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Háàjì. Ohun tí Bàbá ní kí n kọ rèé, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́:

"Ràfíátù, ìyá mi á ní, 'Bùsàrí, ṣé o ti jẹun?' Á dákẹ́. Èmi á ní, 'Mo ti jẹun, Màámi.' 'Ṣé ooru ibẹ̀ ò pọ̀ jù?' 'Kò pọ̀, Màámi.' A jẹ́ mélòó kan nínú iyàrá náà, wọ́n ní orí mi ti dàrú. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí. Mo máa ń dá a lóhùn débi pé ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti fèsì. Mi ò gba kásẹ́ẹ̀tì tèmi sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ padà. Ọ̀kan dé, èkejì dé, ẹ̀kẹta dé, gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn sí afẹ́fẹ́. Nílé, ìyá mi ní ọmọ òun ti gbàgbé òun. Èmi rò pé a jọ ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ yẹn, bí wọ́n bá dá fídíò lóhùn, jẹ́ kí wọ́n tún dá èèyàn lóhùn kí wọ́n tó lọ sílé. Kí ẹnì kan tó ní ẹ̀jẹ̀ lára gbọ́ wọn."

Ibẹ̀ ni Bàbá sọ ọ́ dé.  Wọ́n ń wo ibi tí rédíò kásẹ́ẹ̀tì máa ń wà tẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ wa. Èmi náà wo ibẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́.

Ohun tí mo rò pé ẹ lè ṣe ní Sátidé nìyí. Ẹ má pa fídíò tì pátápátá, torí bí ẹ bá fi í pamọ́, ọmọ yẹn á mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ ṣí kọ́tìnì. Ẹ gbé Màmá Ògiri sórí fóònù lásán, níbi tí kò ti ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ fi fóònù náà lé Hàbíbà lọ́wọ́, kó jẹ́ òun ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, tí yóò tún máa tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó dá a dúró nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ṣí. Ẹ jẹ́ kó mú un padà sẹ́yìn, kó gbọ́ "Ìwọ tí o wà lẹ́yìn" lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí yóò fi rí i pé ohùn kan náà ni, gèlè kan náà ni, pé kò sí ìgbà tí ó wo ibòmíràn. Ẹ yí fóònù náà kọjú sí ògiri, kó rí i pé màmá á máa mi orí fún ògiri. Ẹ rí i pé dátà fóònù náà tó, kó má lọ dúró fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Kí ẹ sì pa èyí tó máa ń gbé fídíò mìíràn wá fúnra rẹ̀, ẹ ò mọ ẹni tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe Àlàájà wá sí kíláàsì. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ, kí Àlàájà kí wọn, kí wọ́n sì dákẹ́, bíi ti Màmá Ògiri. Ẹ wá tan ohùn náà nígbà tí Àlàájà bá jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ dàbínù. Kí Hàbíbà máa gbọ́ ohùn wọn láti inú sípíkà, kó máa wo ẹnu wọn tó ń jẹ nǹkan mìíràn. Mo ti dán an wò níbí pẹ̀lú Màámi. Ó kọ́kọ́ ń kó jìnnìjìnnì báni, n kò purọ́. Ohùn wọn ń pè mí láti orí tábìlì, àwọn náà ń wò mí láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo wá dá ohùn lóhùn, àwọn fúnra wọn ló ní, "Ta lò ń dá lóhùn, òpònú? Èmi rèé." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí Hàbíbà gbọ́ lẹ́nu Àlàájà. Èmi rèé.

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹni méjì wà lẹ́yìn.

Mo rò pé mo ti parí, àmọ́ Bàbá ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i títí màá fi yọ irọ́ inú rẹ̀. Mo ní èwo nínú wọn. Wọ́n ní èyí tó bá lè ṣe ọmọ yẹn lóore.

Ó dáa. Ti tẹlifíṣọ̀n tó ń dìde, ẹ̀yin náà mọ ẹnu mi. Ti màmá yẹn ló kù. Ní Sátidé tó tẹ̀lé èyí tí Alfa bá wa, mo ti yí ẹ̀rọ kúrò ní ògiri yẹn, mo ta aṣọ funfun kan bo ojú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ láti fi gba àwòrán. Mo débẹ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn. Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe rí láti ibi tí ọmọ yẹn dúró sí, mo wá lọ dúró sẹ́yìn. Mo tàn án. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ aṣọ náà, ojú màmá ń wú, ó ń fà sẹ́yìn, bí ẹni tó ń mí. Ó ní, "Ìwọ tí o wà lẹ́yìn." Mo mọ̀ pé fídíò ni. Èmi ni mo wá a. Rímóòtù wà lọ́wọ́ mi.

Kò pe orúkọ mi. Ibẹ̀ ni mo purọ́ sí, àti ti pé mo wò ó títí ó fi ṣẹ́jú. Mo dọ̀bálẹ̀, Àǹtí mi. Èmi nìkan nínú iyàrá yẹn, gbọọrọ, àyà mi lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá," n kò sì dìde títí ó fi ní ó káre. Ẹ sọ ọ́ fún Hàbíbà bó ṣe rí yẹn. Ẹ ní Múrí ọ̀gá ẹ̀rọ, tó ga bí ilẹ̀kùn. Kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní èdè tó bá wù ú, àmọ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, bóyá yóò fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò yín,
Múrítàlá.

Bàbá ti fọwọ́ sí i. Ó wọ́ díẹ̀, ojú wọn ni.